Bàtà Ọmọ Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rìn

Bí ọdún bá dé, a ó ra bàtà tí ó tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ, a ó fi òwú dí orí rẹ̀, a ó ní ọmọ yóò dàgbà bá a. N kò fara mọ́ ọn. Ọmọ náà yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí arúgbó, yóò sì máa ṣubú. Nínú ilé, ìka ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń di ilẹ̀ mú. Kí ó rìn láìwọ bàtà. Lóde, nítorí àfọ́kù ìgò àti aràn inú ilẹ̀, kí a wá bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kan ṣẹ́kù níwájú ìka rẹ̀. Lóòótọ́, kí oṣù 3 tó pé, ó lè ti fún un; owó kò sì rọrùn. Kí a ra èyí tí kò wọ́n, tí ó bá ẹsẹ̀ òní mu.