Kóòdù Tí A Gbà Lọ́fẹ̀ẹ́ Ní Ẹni Tó Ni Ín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn kan wí lára àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe áàpù tà. Wọ́n á mú kóòdù tí ẹlòmíràn kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n á ní, "Ṣebí ọ̀fẹ́ ni." Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ń bẹ̀rù, wọ́n rò pé ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ṣeé fi pawó. Ìhà méjèèjì ló ṣìnà.

Ìwé àṣẹ tó bá kóòdù wá ni ká kà. Ìwé àṣẹ MIT kò gùn rárá. Ó gbà wá láàyè láti lo kóòdù, láti tún un ṣe, àti láti tà á. Ohun tó béèrè kò ju pé kí orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà máa bá kóòdù náà lọ. Ó sì kìlọ̀ pé bí kóòdù bá dá wàhálà sílẹ̀, kí a má ṣe di ẹ̀bi ru ẹni tó kọ ọ́. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ BSD, tó ti Yunifásítì California ní Berkeley wá, fún Apple láti fi kóòdù BSD kún macOS.

Ti GPL, tí Richard Stallman gbé jáde ní 1989, yàtọ̀: ẹni tó bá tún kóòdù náà ṣe, tó sì pín in fún aráyé, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó gbà á rí àtúnṣe rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà.

Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé wọ̀nyí. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Jacobsen àti Katzer lórí kóòdù tó ń darí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá rú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ̀bi títẹ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ tà, kí ẹ sì jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú áàpù yín fún orúkọ àwọn tí ẹ lo iṣẹ́ wọn. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ kóòdù fún aráyé, ẹ yan ìwé àṣẹ yín kí ẹ tó gbé e síta. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún oníṣòwò kò lè bínú pé oníṣòwò wọlé.