Ẹ Má Pè É Ní Ìwé Ọmọdé Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí inú mi tó bẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, níbi ìkómọ kan níbí ní Kánádà, ẹ̀gbọ́n kan rí ìwé lọ́wọ́ mi, Dungeon Crawler Carl. Wọ́n ní kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní ọkùnrin kan tí kò wọ ṣòkòtò ni, òun àti ológbò kan. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹni tó fẹ́ di Dókítà, ìwé ọmọdé ló ń kà!" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí àgbà ni wọ́n. Àmọ́ mi ò gbà, ibí ni mo ti fẹ́ fèsì.

Nígbà tí géèmù Wizardry àti Ultima jáde ní 1981, kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó ń jẹ́ akọni. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ni wọ́n bá sọ agbára di nọ́ńbà, ọgbọ́n di nọ́ńbà, ẹ̀mí gan-an di nọ́ńbà: tó bá ti di òdo, o ti kú nìyẹn. Àwọn òǹkọ̀wé tí mò ń sọ yìí wá béèrè pé, tó bá jẹ́ inú irú ayé bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń gbé lóòótọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ lẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé Matt Dinniman yìí, tó kọ́kọ́ jáde ní 2020, Carl sáré bọ́ síta lóru nínú òtútù nítorí ológbò ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ẹ̀dá kan láti ayé ibòmíràn wó gbogbo ilé lulẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù bá ara wọn nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ onípele 18, tí wọ́n ń jà fún ẹ̀mí wọn, tí àwọn kan sì ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ohun tí Carl bá ṣe, wọ́n á kà á, wọ́n á fi bú u.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọdé ló ni ín, ta ló ń gbé ayé nọ́ńbà ju àwa lọ? Express Entry, 1,200 pọ́ìntì. Èmi tí mi ò tíì gbéyàwó, ọjọ́ orí mi ń fún mi ní 110 títí màá fi kúrò ní 29. Lọ́jọ́ tí mo bá pé 30, ó di 105. Ní 31, ó di 99. Oṣù mẹ́rin ló kù! Ìyá mi á gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ náà pé mo ti dàgbà, mo ti gbọ́n sí i. Lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ṣe ni mo dín kù. Mo tún jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, èmi tí tíṣà nà ní prámárì torí pé mo sọ Yorùbá. Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wá 70 tiyín.

Àwọn kan á ní kí n lọ ka Fágúnwà. Mo ti kà á. Ní 1938, Ògbójú Ọdẹ ti kó Kàkó, Ìmọ̀dóyè àti Olóhùn-iyọ̀ jọ, kálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tiẹ̀, wọ́n forí lé Òkè Lángbòdó. Dungeons & Dragons ò jáde títí di 1974. Ó sì pa wá lẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó pè é ní ìwé ọmọdé. Ìyàtọ̀ kan ló wà: kò sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà sí Kàkó láyà. Àwa ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìwé tó bá fi nọ́ńbà yẹn ṣẹ̀sín, ìwé tiwa ni.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló dáa o. Òmíràn wà tó jẹ́ ìṣirò lásán, kò sí ẹ̀rín, kò sí èèyàn nínú ẹ̀. Ẹ bá mi jù ú nù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó ń fi mí rẹ́rìn-ín yẹn, kí ìrẹsì tó délẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yẹ fóònù wò bóyá wọ́n ti kéde iye pọ́ìntì tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ti ra ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ kà á tán ná, lẹ́yìn náà ká jọ jà.