Ìrókò Gbígbẹ Ló Ń Dán Ọ̀bẹ Wò

Kò sí ọ̀bẹ tuntun tí kì í mú. Ẹni tó ra ọ̀bẹ oko, èyí tí kì í ká, ní Mamba Point ní Monrovia, lè fi ìrókò dán an wò. Igi náà ń hù ní Làìbéríà bó ṣe ń hù nílẹ̀ Yorùbá. Gbígbẹ ni kó lò, torí igi tútù rọ̀ jù. Kí ọmọdé jìnnà. Kí ó fá igi náà nígbà 20, kí ó máa ti ọ̀bẹ síta, kì í ṣe sọ́dọ̀ ara. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ojú ọ̀bẹ nínú ìmọ́lẹ̀: ibi tó bá ń kọ mànà ti tẹ̀, ibi tó ṣófo bí eyín tó yọ ti kán. Ìrókò a máa ní òkúta nínú. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, ẹ̀bi irin kọ́. Ṣùgbọ́n bí èkù bá mì, kí ó dá a padà. Ìka ọwọ́ kò ṣeé rà lọ́jà.