Rẹ́mọ Kì í Ṣe Oko Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀gbẹ́ni kan gba máìkì níbi ìpàdé lórí Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń bèèrè fún, ó ní kí àwa ará Rẹ́mọ yéé ya ara wa sọ́tọ̀, pé abẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde la ti wá, abẹ́ rẹ̀ náà la ó padà sí. Irọ́ gbuu ni. Bí ìpínlẹ̀ náà yóò bá wá, kó wá, ṣùgbọ́n kí ipò ọ̀tọ̀ Rẹ́mọ wà nínú òfin kó tó dé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò bá wọn lọ.

Wọ́n bi í pé ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ló wà ní Rẹ́mọ, ó ní méjì. Mẹ́ta ni! Ẹni tí kò mọ iye yàrá tó wà nínú ilé ló fẹ́ bá onílé pín in. Ó tún ní òmìnira kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, tí Akárìgbò Adédóyìn, ọba Rẹ́mọ, jà fún, tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní 1938, ìwà ọmọ tó ṣorí kunkun sí bàbá ni. Bàbá ta? Ní 1894, Akárìgbò ìgbà náà fúnra rẹ̀ ló bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ṣe àdéhùn. Òyìnbó ló wá kó wa sábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn náà. Bàbá tèmi, tó bí mi lọ́mọ, dúró sínú oòrùn títí di ọ̀sán níwájú ọ́fíìsì kan lọ́hùn-ún nítorí ìwé ilẹ̀. Akọ̀wé ní kí ará oko ṣì dúró ná. Mi ò gbàgbé.

Àwọn kan ní àdéhùn láàárín àwa àti Ìjẹ̀bú-Òde ti tó. Ẹ bi àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1961 wọ́n wọ ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ilé aṣòfin tiwọn. Ní 1972, gbogbo orílẹ̀-èdè dìbò pọ̀, ìbò yẹn sì gba ilé aṣòfin náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn tí ìbọn ti dún ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ipò àkànṣe, ní 2019. Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ ni pé ìbò Rẹ́mọ nìkan ni yóò lè yí ipò Rẹ́mọ padà.

A mọ bí a ṣe ń gbé pọ̀ láìpàdánù ààlà: ẹ wo Ṣágámù. Láti 1872 ni àwọn ìlú ti ń kó jọ síbẹ̀ títí wọ́n fi di mẹ́tàlá, Ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn. A gba Akárìgbò lólórí, síbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ṣì ní ọba tirẹ̀, Elépẹ́. Àlejò lè rìn wọ Ẹ̀pẹ́ láìmọ̀, torí ògiri ilé kan ara wọn, ṣùgbọ́n ọmọ onílé yóò fẹsẹ̀ tẹ ààlà hàn án.

Aṣòfin tó bá ń wá ìbò ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ, kó sọ fún wa lójú ayé bóyá yóò kọ ipò ọ̀tọ̀ Rẹ́mọ sínú àbá òfin tàbí kò ní kọ ọ́.