Ṣé Òtítọ́ Ni Òfin Yóò Máa Fìyà Jẹ?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbàkúùgbà tí inú bá bí àwọn aláṣẹ sí oníwèé ìròyìn, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni òfin tí yóò fi ìjánu sí i lẹ́nu. Ìjánu náà ti pẹ́. Ní ọdún 1903, Ìjọba Òyìnbó ní Èkó pàṣẹ pé ẹni tí yóò bá tẹ ìwé ìròyìn jáde gbọdọ̀ wá onídùúró fún 250 pọ́n-ùn. Ta ni ó ní irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Nígbà tí ó di ọdún 1993, àwọn ológun tiwa náà gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n kàn sọ pọ́n-ùn di náírà ni.

Èyí tí ó burú jù ni Òfin Ológun Nọ́ńbà 4 ti ọdún 1984. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a tẹ irọ́ jáde, a gbà. Ó tún ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a tẹ ohun tí yóò sọ òṣìṣẹ́ Ìjọba di ẹni ẹ̀sín. Ẹ dákun, bí ọ̀gá kan bá jalè, tí oníròyìn sì kọ ọ́ pé ó jalè, ǹjẹ́ kò ní di ẹni ẹ̀sín? Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, nítorí ìròyìn nípa àwọn tí Ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n sì bu ìtanràn 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ wọn. Ọdún 1985 ni a tó fagi lé òfin náà.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa jẹ. Ní ọdún 1928, Herbert Macaulay, ẹni tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ̀ jáde nípa ìgbìmọ̀pọ̀ láti pa Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ. Àwọn Òyìnbó ń wá ohun tí wọn yóò fi mú un, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àhesọ ni ó fún wọn lókùn.

Èmi náà mọ̀ bí àhesọ ti ń dùn tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn yìí, ọmọ Ẹgbẹ́ wa kan mú ọ̀rọ̀ wá pé olùdíje ẹgbẹ́ kejì kó owó ilé ìwé jẹ. Mo ní, "Ta ni ó rí i?" Ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo ìlú ló mọ̀." N kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pè mí ní ojo. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò mú ẹ̀rí wá.

Ní Ìlọrin, ní ọdún 1998, àwọn oníròyìn fọwọ́ sí ìlànà pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti kọ ìròyìn tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Ìlànà rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń di owó sínú àpò ìwé fún wọn? Àwa olóṣèlú náà ni.

Nítorí náà, kí òfin fìyà jẹ irọ́ ní gbangba ilé ẹjọ́, kí òtítọ́ sì jẹ́ ààbò fún ẹni tí ó kọ ọ́. Ní tiwa, ẹni tí ó bá rí irọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí, kódà bí ó jẹ́ ọ̀tá Ẹgbẹ́ wa, kí ó kọ̀wé sí mi. Ojú ewé kìíní ni n ó fi àtúnṣe náà sí.