Kámẹ́rà Láìsí Iná, Àtùpà Láìsí Òróró

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí a ti jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn ń gbé nínú ọgbà ilé-ìwé ni ọkàn wọn kì í balẹ̀. Nítorí náà, a kò bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó ń fi kámẹ́rà aláìníwáyà ta ilé-ìwé lọ́rẹ wí. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹṣin tọrẹ láìronú koríko, iṣẹ́ ni ó gbé fún ẹni tí ó gbà á.

Bátìrì ni ẹ̀mí kámẹ́rà yìí. Ohun tí ó bá kọjá níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe ewúrẹ́, a máa jí i láti ya àwòrán, iná rẹ̀ a sì máa dín kù. Bí Wi-Fi bá jìnnà sí i, iná náà a tún yára tán. Àwọn kan ní sólà yóò máa bọ́ ọ. Òótọ́ ni, bí a bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú sólà náà, tí a sì gé ẹ̀ka igi tí ó ṣíji bò ó. Síbẹ̀, ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run, sólà nìkan lè má tó.

Àwọn wúńdíá aláìgbọ́n márùn-ún inú Ìwé Mímọ́ ní àtùpà lọ́wọ́. Òróró ni kò tó wọn. Kámẹ́rà tí ó ti kú lórí ògiri burú ju àìsí rẹ̀ lọ, nítorí ó ń mú kí á fọkàn balẹ̀ níbi tí ewu wà.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá fi kámẹ́rà tọrẹ fi bátìrì ìpààrọ̀ àti owó ìtọ́jú ọdọọdún kún un. Kí ilé-ìwé yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa wo iye iná tí ó kù ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ̀yin òbí máa béèrè ìwé náà ní ìpàdé yín. Kí a má sì tìtorí kámẹ́rà dá ọdẹ dúró: kámẹ́rà lè rí olè, kò lè lé e.

Orúkọ wa tí a kọ sára ẹ̀bùn kò lè ṣọ́ ọmọ kankan ní ọ̀gànjọ́ òru. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ìtọ́jú bí Ó ti fún wa ní ọkàn ọrẹ. Àmín.