Oko Bàbá Mi Kò Sí ní Rivers

Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹ má pè é ní àṣejù. Ọ̀rọ̀ kòkó ni, kòkó sì ni wọ́n fi rán mi níléèwé ní Ofosu.

Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ igbó tí a pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù December 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníkòkó ti ń béèrè ibi tí oko wà. Nọ́ńbà méjì ni: ọ̀kan ń sọ bí oko ti jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, èkejì bó ti jìnnà tó sí ìlà Greenwich, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn póìǹtì. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, a ó rìn yí i ká ni, a ó sì parí síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ irú àkọsílẹ̀ báyìí wò ni wọ́n ń pè ní schema. Ajọ̀ ni. Ohun tí kò bá bá ojú rẹ̀ mu kò ní í kọjá. Ṣùgbọ́n ajọ̀ kò mọ èlùbọ́ yàtọ̀ sí láfún.

Ní ìsinmi tó kọjá, a jókòó ti àwọn àgbẹ̀, a ń bá wọn tẹ nọ́ńbà. Fóònù kan kọ 6°45′. Ẹnì kejì mi tẹ 6.45, ó fi òdo mẹ́rin kún un kó lè pé mẹ́fà, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígíríì kan! 6.75 ló yẹ kó jẹ́. Oko ẹni ẹlẹ́ni ti fi nǹkan bíi kìlómítà 33 sún sí gúúsù.

Èmi gan-an kò sàn jù ú. Fóònù ń ka ti agbedeméjì ayé ṣáájú. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní GeoJSON ń fẹ́ ti Greenwich ṣáájú. Mo tò ó bí fóònù ṣe tò ó, kọ̀ǹpútà kò sì bá mi wí, nítorí pé 6 àti 5 ni, èyíkéyìí nínú wọn lè ṣáájú. Ìgbà tí a ṣí àwòrán ilẹ̀, oko wa ti dé Ìpínlẹ̀ Rivers. Bàbá mi ní, “Ọmọ mi, ta ló ru oko mi lọ síbẹ̀?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò bá ra kòkó rẹ̀ kò ní í rẹ́rìn-ín. Tèmi ni pé kí àwọn tó ń ṣe ajọ̀ yìí fi ìbéèrè kan kún un: ẹni tó bá kọ Ofosu, ṣé nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ Ìdànrè? Kí wọ́n sì fi àwòrán náà han olóko, kí wọ́n bi í ní Yorùbá, kó tó lọ. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló yẹ kó wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi bi í; iṣẹ́ wa kò mọ sórí oríkì nìkan.

Bàbá mi kò mọ̀wé. Ìgbà tí mo tún un tẹ̀, tí mo gbé àwòrán náà sí i níwájú, ó fi ìka tọ́ka sí odò tó wà lẹ́yìn oko, ó ní kí n sún ìlà náà sẹ́yìn díẹ̀, pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwa.